Ẹ̀FỌ́RÍ TÚÚLU ÀTI ÌṢÈGÙN ÌBÍLẸ̀ ILẸ̀ ÍŃDÍÀ: KÍ NI MÙSÙLÙMÍ LÈ RÍ KỌ́ NÍBẸ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn, tí ó sì dá ohun tí yóò máa wo ara ènìyàn sàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Àkọlé ọ̀rọ̀ yìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu. Wọ́n lè béèrè pé: kí ni ó kan ìmáàmù nínú ẹ̀fọ́rí, kí sì ni ó kan Mùsùlùmí nínú ìṣègùn àwọn ará Íńdíà? Èsì mi ni pé ó kàn wá ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní, àrùn náà wà láàrin wa, ó sì ń ba ìgbé ayé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́. Èkejì, Ànábì wa fúnra rẹ̀ ní irú ẹ̀fọ́rí yìí, ó sì wá ìtọ́jú sí i. Ẹ̀kẹta, àwọn Mùsùlùmí ìṣáájú ni wọ́n kó ìwé ìṣègùn Íńdíà wọ inú èdè Lárúbáwá. Wọn kò kà á sí àbùkù láti kọ́ ìmọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn, wọn kò sì gbé gbogbo ohun tí wọ́n rí mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

IRÚ Ẹ̀FỌ́RÍ WO NI TÚÚLU?

Kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni túúlu. Ẹ̀fọ́rí ti ibà a máa bá ara gbígbóná rìn. Ẹ̀fọ́rí ti àárẹ̀ a máa dàbí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já di orí yí ká. Túúlu ní tirẹ̀ sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan orí, láti ẹ̀bátí dé ẹ̀yìn ojú tàbí dé ipàkọ́, yóò sì máa lù bí ẹni ń gún odó. Bí aláìsàn bá gun àtẹ̀gùn, tàbí tí ó tẹ̀ ba ní rúkúù, ìrora náà yóò pọ̀ sí i. Èébì yóò máa gbé e, ìmọ́lẹ̀ yóò máa gún un lójú, ariwo kékeré yóò sì dàbí ààrá ní etí rẹ̀. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gba wákàtí 4 títí dé wákàtí 72. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń rí ohun tí ń kọ mànà tàbí ìlà wọ́gọwọ̀gọ níwájú ojú wọn, fún ìṣẹ́jú 5 sí 60, kí ẹ̀fọ́rí tó dé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé oríṣiríṣi ẹ̀fọ́rí bá ènìyàn tí ó tó bílíọ̀nù 3.1 jà ní ọdún 2021, èyí tí í ṣe bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ayé. Túúlu ní pàtàkì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ìbàlágà. Ó sì wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, ní nǹkan bí ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí ìyípadà tí ń bá ara wọn ní oṣooṣù.

Ẹ wo ohun tí ojú ẹni tí ó ní àrùn yìí ń rí láàrin wa. Ọmọ tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra tí ó di orí mú, a ó ní ọ̀lẹ ni. Ìyàwó ilé tí kò lè dáná ní ọjọ́ tí túúlu mú un, a ó ní ó ń ṣe ìwà. Bí ó bá wá sọ pé òun ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ẹlòmíràn kò rí, ọ̀rọ̀ di ti àlùjànnú, àwọn kan a sì gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti fi pàṣán lé ohun tí kò sí lára rẹ̀ jáde. A kò sẹ́ pé àlùjànnú wà, nítorí Àlùkùráánì sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni a ó máa di gbogbo ẹrù rù. Àwọn àgbà wa sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lílu aláìsàn kò jìnnà sí orí bíbẹ́.

ORÚKỌ KAN NÁÀ NÍ ÈDÈ MẸ́TA

Àwọn Lárúbáwá ń pe túúlu ní shaqīqah. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni shaqqa, ìyẹn ni pé ó la nǹkan sí méjì. Àwọn Gíríìkì pè é ní hemikrania, ìdajì agbárí. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni migraine ti jáde wá. Àwọn onímọ̀ Íńdíà ní èdè Sáńsíkíríìtì pè é ní ardhāvabhedaka, ohun tí ń gún ìdajì tàbí tí ń la ìdajì. Ẹ kò rí i bí? Àwọn ènìyàn tí òkun àti aṣálẹ̀ pín níyà wo àrùn kan náà, wọ́n sì rí ohun kan náà.

Bukhari gbà á wá pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe híjáámà ní orí, ìyẹn fífi ìwo fa ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ó wà nínú ìhúráámù, nítorí shaqīqah tí ó mú un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí i dáadáa. Ẹni tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù lọ nínú ẹ̀dá ní ẹ̀fọ́rí túúlu. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún yín mọ́ pé àìní ìgbàgbọ́ ni ó fa tiyín. Ó sì wá ìtọ́jú, kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí àwọn ará oko bi í bóyá kí àwọn máa lo oògùn, ó pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n lò ó, ó sì yọ ogbó sílẹ̀ pé òun nìkan ni kò ní oògùn.

Lẹ́yìn èyí, ní ayé Kálífà Hārūn ar-Rashīd, tí ó jọba ní Bàgídáàdì láti ọdún 786 sí 809, wàsírì rẹ̀ Yahyā ọmọ Khālid al-Barmakī ní ìfẹ́ sí ìmọ̀ àwọn ará Íńdíà. Oníṣègùn Íńdíà kan tí ń jẹ́ Manka wà ní Bàgídáàdì nígbà náà, òun ni ó ṣe àlàyé ìwé Suśruta ní èdè Lárúbáwá. Ìwé Caraka kọ́kọ́ di èdè Páṣíà kí ó tó di ti Lárúbáwá. Ibn an-Nadīm kọ àkọsílẹ̀ nípa èyí sínú ìwé rẹ̀ al-Fihrist. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 850, ‘Alī ọmọ Sahl Rabban at-Tabarī kọ ìwé ìṣègùn Firdaws al-Hikmah, ó sì fi apá kan tí ó wà ní ìparí ìwé náà ṣe àlàyé ìṣègùn àwọn ará Íńdíà. Ìmọ̀ tí à ń sọ lónìí kì í ṣe àjèjì nínú ilé-ìkàwé àwọn baba wa nínú ẹ̀sìn.

BÍ WỌ́N ṢE ṢE ÀLÀYÉ ÀRÙN NÁÀ

Āyurveda ni orúkọ ìṣègùn yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìmọ̀ nípa ẹ̀mí gígùn. Àwọn ìwé ńlá inú rẹ̀, ti Caraka àti ti Suśruta, ti ju 1,500 ọdún lọ. Wọ́n gbà pé ohun mẹ́ta ni ó ń ṣe àkóso ara: vāta, tí ó jọ afẹ́fẹ́, tí ó ń mú ohun gbogbo rìn, pitta, tí ó jọ iná, tí ó ń da oúnjẹ, àti kapha, tí ó jọ omi òun kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tí ó ń so ara pọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, ara le. Bí ọ̀kan bá ru sókè, àìsàn dé. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìṣègùn àwọn Lárúbáwá yóò rántí omi ara mẹ́rin tí àwọn náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Suśruta ka àrùn orí sí 11, ardhāvabhedaka sì wà nínú wọn. Ó ní ìdajì orí ni ó ń mú, pẹ̀lú ìrora bí ẹni ń gún ni àti òòyì, ó sì máa ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tàbí ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó dé lójijì. Caraka ka àwọn ohun tí ó ń fà á: oúnjẹ gbígbẹ, jíjẹ oúnjẹ lé oúnjẹ tí kò tíì dà, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn, ìrì, iṣẹ́ àṣejù, àti kí ènìyàn máa dá ohun tí ara ń béèrè dúró. Ohun mẹ́tàlá ni ó kà tí kò yẹ kí á máa dá dúró, nínú wọn ni ìtọ̀, ìgbẹ́, ebi, òùngbẹ, oorun àti ẹkún.

Àlàyé afẹ́fẹ́, iná àti omi yìí kì í ṣe bí àwọn oníṣègùn òde òní ṣe mọ ara. Lónìí a mọ̀ pé àìsàn ọpọlọ ni túúlu, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Iṣan ńlá kan tí ń gbé ìmọ̀lára ojú àti orí lọ sí ọpọlọ a máa tú ohun kan tí à ń pè ní CGRP jáde, òun ni ó ń mú ìrora náà gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdí tí àwọn ará àtijọ́ sọ kò bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ojú tí wọ́n fi wo aláìsàn mú dáadáa. Dókítà òde òní yóò bi yín ní ohun tí Caraka béèrè: Ṣé ẹ sùn? Ṣé ẹ jẹun lásìkò? Ṣé ẹ mu omi? Ṣé iṣẹ́ kò pọ̀ jù?

ÌTỌ́JÚ TÍ WỌ́N Ń ṢE

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni títún ìgbé ayé ṣe. Wọ́n a ní kí aláìsàn máa sùn kí ó sì máa jí ní àkókò kan náà, kí ó máa jẹun ní wákàtí kan náà, kí ó yẹra fún oòrùn gangan, kí ó sì fi òróró pa orí àti ẹsẹ̀.

Èkejì ni nasya, ìyẹn ni kíkán òróró oògùn sí imú. Òróró yánmọtí tí a fi ewé àti egbò sè ni wọ́n sábà ń lò. Wọ́n a kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra ojú àti iwájú orí aláìsàn, wọ́n a mú un móoru, òun yóò sì dùbúlẹ̀ kí ó dá orí sẹ́yìn kí wọ́n tó kán an. Wọ́n gbà pé imú ni ilẹ̀kùn orí.

Ẹ̀kẹta ni śirodhārā. Wọ́n a gbé ìkòkò tí ó ní ihò ní ìdí kọ́ sí òkè iwájú orí aláìsàn tí ó dùbúlẹ̀. Òróró lílọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí omi wàrà tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀, yóò máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí iwájú orí náà fún bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ Kerala ní gúúsù Íńdíà ni ó gbajúmọ̀ jù fún èyí.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn oògùn mímu. Ọ̀kan tí a mọ̀ jù fún ẹ̀fọ́rí ni àgbo pathyādi. Èso igi mẹ́ta kan tí ó wà ní ilẹ̀ wọn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, atalẹ̀ pupa àti dóńgóyárò sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀karùn-ún ni fífọ inú pẹ̀lú oògùn ìgbẹ́, àti fífa ẹ̀jẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú eṣúṣú. Ẹ ó rí i pé èyí kò jìnnà sí híjáámà.

Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni ni ó ń jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí yóò ní òun jẹ́ oníṣègùn yìí. Ní Íńdíà, ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní yunifásítì, pẹ̀lú ọdún kan tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn nínú rẹ̀. Ìjọba wọn dá ilé-iṣẹ́ mínísítà sílẹ̀ fún irú ìṣègùn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2014. Ẹni tí ó kàn ń ta ìyẹ̀fun nínú ọkọ̀ èrò tí ó sì ń pè é ní oògùn Íńdíà kò sí lára wọn.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ SỌ ÀTI IBI TÍ EWU WÀ

Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí òróró imú àti śirodhārā fún túúlu wà, ṣùgbọ́n iye àwọn aláìsàn inú wọn kò pọ̀ tó ohun tí a lè fi gbẹ́kẹ̀ lé e. Ara lè rọ ẹni tí wọ́n da òróró lé ní orí, ìyẹn kò ní kí á pè é ní ìwòsàn. Ti atalẹ̀ ṣe kedere díẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn oníṣègùn ní ìlú Zanjan ní Ìráànì tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 100. Wọ́n fún àwọn kan ní ìyẹ̀fun atalẹ̀, wọ́n fún àwọn yòókù ní sumatriptan, oògùn túúlu tí ó ti wà láti ọdún 1991. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ìrora lọ sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ó jọra. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn tí ó jáde láti Bùràsíìlì ní ọdún 2020, lórí ènìyàn 107, fi hàn pé lílo atalẹ̀ lójoojúmọ́ láti dènà túúlu kò sàn ju oògùn òfìfo lọ. Nítorí náà, atalẹ̀ lè ran ẹni tí túúlu mú lọ́wọ́. A kò lè fi í ṣe odi tí yóò dènà rẹ̀.

Ewu tí ó tóbi jù wà nínú àwọn oògùn kan tí wọ́n fi òkúta àti irin jíjó ṣe. Nínú irú ìṣègùn yìí, ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ń pè ní rasa śāstra, tí ó ń mọ̀ọ́mọ̀ lo mẹ́kúrì àti àwọn irin mìíràn. Ní ọdún 2004, àwọn oníṣègùn ní Boston ní Amẹ́ríkà yẹ oògùn Āyurveda 70 wò tí wọ́n rà ní ìsọ̀. 14 nínú wọn ní òjé, mẹ́kúrì tàbí ásẹ́níìkì. Ní ọdún 2008, wọ́n tún yẹ 193 wò tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ìdá kan nínú márùn-ún sì rí bẹ́ẹ̀. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, mẹ́kúrì a máa ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀tàn sì ni pé òjé fúnra rẹ̀ a máa fa ẹ̀fọ́rí. Ẹni tí ó ń lo irú rẹ̀ lè máa ra ẹ̀fọ́rí pẹ̀lú owó ara rẹ̀.

Kí á sì má dẹ́bi fún ará Íńdíà nìkan. Ẹni tí ó ń gbé paracetamol mì ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú oṣù, oṣù lé oṣù, oògùn náà yóò di ohun tí ń fa ẹ̀fọ́rí. Fún sumatriptan àti àwọn oògùn alápòpọ̀, ọjọ́ 10 ni ààlà.

OHUN TÍ Ó KAN Ẹ̀SÌN WA

Ohun mẹ́ta ni kí á mú dání. Èkíní ni ọtí. Nínú oògùn Āyurveda, oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní āsava àti ariṣṭa. Wọ́n a jẹ́ kí ó kan fúnra rẹ̀ títí ọtí yóò fi wà nínú rẹ̀. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó mu. Ìtọ̀ màlúù náà wà nínú àwọn oògùn wọn kan. Ìyàtọ̀ wà láàrin àwọn onímọ̀ wa lórí ìmọ́tótó ìtọ̀ ẹran tí à ń jẹ. Ní ti Máliki kì í ṣe nájísì, ní ti Ṣáfíì nájísì ni. Ẹni tí ó bá rí ohun tí kò sí iyèméjì nínú rẹ̀, kí ó mú ìyẹn.

Èkejì ni ìgbàgbọ́. Bí oníṣègùn bá ní kí á bọ òrìṣà kan kí oògùn tó ṣiṣẹ́, a ó dìde níbẹ̀. Egbò àti òróró jẹ́ ti Ọlọ́hun, ẹbọ kì í ṣe tiwa.

Ẹ̀kẹta ni ààwẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Ebi, òùngbẹ, àìsùn, àti ìdádúró kọfí tàbí tíì lójijì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó lè ru túúlu sókè, gbogbo wọn ni ó sì ń pàdé ní Ràmàdáánì. Kí ẹni tí ó ní àrùn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dín tíì àti kọfí kù ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí ó má ṣe fi sààrì ṣeré, kí ó mu omi dáadáa ní òru, kí ó sì rí dókítà ṣáájú nípa oògùn tí ó lè lò ní àsìkò sààrì. Òróró tí a kán sí imú tí ó sì dé ọ̀nà ọ̀fun a máa ba ààwẹ̀ jẹ́ ní ọ̀dọ̀ àwọn Máliki, mímọ̀ọ́mọ̀ bì náà sì ń bà á jẹ́. Nítorí náà kí ó di òru. Bí ó bá wá le ju agbára lọ, ẹsẹ 184 nínú Súúrátùl-Baqarah ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún aláìsàn láti ṣínu kí ó sì san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ojú tì í. Ẹni tí Ọlọ́hun ṣàánú fún, kí ni a ó rí sọ sí i?

ÌMỌ̀RÀN

Kí ẹni tí túúlu ń mú ní ìwé kékeré kan. Kí ó máa kọ ọjọ́ tí ó mú un, ohun tí ó jẹ, wákàtí tí ó sùn, àti, fún obìnrin, ọjọ́ nǹkan oṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé náà yóò sọ ohun tí babaláwo kò lè sọ. Kí ó dùbúlẹ̀ ní yàrá tí ó ṣókùnkùn bí ó bá bẹ̀rẹ̀, kí ó lo oògùn rẹ̀ ní kíá. Oògùn tí ń dènà rẹ̀ wà ní ilé-ìwòsàn, láti ọdún 2018 sì ni abẹ́rẹ́ tí ń dènà CGRP ti jáde ní ayé.

Ẹ má ra oògùn Íńdíà tàbí ti ibikíbi tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ má fún aboyún ní àgbo dóńgóyárò. Ẹ má dá òróró kán sí imú ọmọdé, nítorí ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Obìnrin tí ń rí ìmọ́lẹ̀ kí túúlu tó dé, kí ó sọ fún dókítà kí ó tó lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, nítorí àwọn kan nínú wọn lè fa rọpárọsẹ̀ fún un.

Àwọn àmì kan sì wà tí a kì í fi àgbo tàbí híjáámà dúró tì, ilé-ìwòsàn ni kí á sáré lọ: ẹ̀fọ́rí tí ó dé lójijì bí ààrá, ẹ̀fọ́rí pẹ̀lú ibà àti ọrùn tí ó gan, apá tàbí ẹsẹ̀ tí ó rọ, tàbí ẹnu tí ó wọ́, ẹ̀fọ́rí lẹ́yìn tí a fi orí gbá nǹkan, ẹ̀fọ́rí líle nínú oyún, àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìlera ni oògùn ọrọ̀. Àwọn baba wa ní Bàgídáàdì gba ohun tí ó dára lọ́wọ́ ará Íńdíà, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá padà délé tí ẹ rí àbúrò tàbí ìyàwó tí ó di orí mú nínú òkùnkùn, ẹ má bi í pé kí ni ó ń ṣe. Ẹ pa iná, ẹ dín ariwo kù, ẹ bu omi fún un.

Kí Ọlọ́hun wo gbogbo aláìsàn wa sàn, kí Ó fún wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní, kí Ó sì jẹ́ kí á lo ìlera wa fún ìjọsìn Rẹ̀. Àmín.